Ọ̀rọ̀ Kẹta Lẹ́nu Akéde

Ibi tí wọ́n ti ń fọṣọ létí odò ni Nikásò ti gbọ́ ọ, kì í ṣe lẹ́nu ọmọ rẹ̀. Ó ń fi ẹsẹ̀ tẹ aṣọ aláṣọ nínú omi nígbà tí Mírítò aládùúgbò rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín.

"Ìyá Telésíà, ẹ kú oríire o! A ò ní lè pè yín ní àlejò mọ́."

"Oríire kí ni? Ṣé mo jogún ni?"

"Ẹ má ṣe bí ẹni tí kò mọ̀. Ọkọ mi rí i lára pátákó lánàá. Telésíà, ọmọ Dámónì, ará Síkíónì. Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà. Ọmọ yín fẹ́ bá àwọn akéde díje lọ́dún òrìṣà òkun, ẹ wá dúró síbí, ẹ ń tẹ aṣọ bíi pé ẹ ò bímọ."

Nikásò fa aṣọ náà sókè, ó fún un, ó tún un fún. Nígbà tí kò sí omi kankan nínú rẹ̀ mọ́, ó ṣì ń fún un.

"Ẹ ó fa aṣọ aláṣọ ya o," Mírítò wí.

Ọmọ ọdún mẹ́fà ni Nikásò nígbà tí àwọn ọmọ ogun Róòmù sun Kọ́ríńtì. Wọ́n pa àwọn ọkùnrin, wọ́n ta àwọn obìnrin àti àwọn ọmọdé. Oníṣòwò irun àgùntàn kan ní Síkíónì ló rà á, ó sì fi ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sìn ín kí ó tó gba ara rẹ̀. Nígbà tó dòmìnira, ó fẹ́ Dámónì. Ọmọ Kọ́ríńtì ni Dámónì náà, ẹni tí ìyá rẹ̀ fi pamọ́ sínú koríko etí òkun lọ́jọ́ tí ìlú jó. Ibi tí wọ́n ti ń gé òkúta ló ti ń ṣiṣẹ́. Òun ni wọ́n fi ṣe olùkìlọ̀ níbẹ̀, nítorí pé tó bá ké pé òkúta ń bọ̀, ẹni tó wà ní ìsàlẹ̀ pátápátá á gbọ́. Lọ́jọ́ kan, ọ̀fun dùn ún, wọ́n ní kí ẹlòmíràn ké. Dámónì fúnra rẹ̀ ni kò gbọ́, òkúta sì pa á.

Ohùn yẹn ló fi sílẹ̀ fún ọmọ rẹ̀. Kò fi nǹkan míì sílẹ̀.

Kọ́ríńtì kò sí mọ́. Ilẹ̀ rẹ̀ di ti Róòmù, àwọn ará Síkíónì ló ń ro ó. Ọdún òrìṣà òkun gan-an, èyí tí Kọ́ríńtì ti ń ṣe láti ìgbà tí ẹnikẹ́ni kò lè kà, Síkíónì ni Róòmù gbé e fún. Ọdọọdún ni wọ́n ń háyà Nikásò láti lọ ká èso ólífì lórí ilẹ̀ Kọ́ríńtì, á sì mú Telésíà lọ. Tí iṣẹ́ bá parí, á mú ọmọ náà dúró ní ìpẹ̀kun kan ibi tó ti jẹ́ ọjà rí, òun á lọ dúró ní ìpẹ̀kun kejì, láàárín àwọn òpó tó wó. Á wá ní kó ké ọ̀rọ̀ mẹ́ta tí akéde ń ké fún ẹni tó bá borí: orúkọ rẹ̀, orúkọ bàbá rẹ̀, orúkọ ìlú rẹ̀.

"Telésíà! Ọmọ Dámónì! Ará Kọ́ríńtì!"

Ọ̀rọ̀ kẹta kì í dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ nígbà tí ọmọ náà ṣì kéré. Èémí á ti tán. Nikásò á wá rìn padà kọjá gbogbo ọjà náà, á sì sọ ohun kan náà fún un: "Tọ́jú èémí rẹ fún ìlú. Orúkọ rẹ ò ṣòroó gbọ́. Ìlú ni kí o fi gbogbo ara ké." Bí ó bá gbọ́ ọ, á na ọwọ́ sókè. Bí kò bá gbọ́ ọ, á káwọ́, ọmọ á tún un ké. Ọdún mẹ́rìnlá ni wọ́n fi ṣe é. Nígbà tí Telésíà fi di ọkùnrin, ọ̀rọ̀ kẹta ló ń lágbára jù lẹ́nu rẹ̀. Ẹyẹ máa ń fò kúrò lórí òpó.

Ohun tí obìnrin náà fẹ́ láyé kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó fẹ́ kí wọ́n pe orúkọ Kọ́ríńtì lẹ́ẹ̀kan péré lọ́dún òrìṣà Kọ́ríńtì, kí gbogbo èèyàn sì gbọ́. Ó mọ ọ̀nà tó lè gbà ṣẹlẹ̀. Àwọn akéde ló máa ń kọ́kọ́ díje kí eré ìdíje tó bẹ̀rẹ̀, ẹni tó bá sì borí nínú wọn, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ gbé ohùn sókè ju tirẹ̀ lọ. Nítorí náà, òun fúnra rẹ̀ ló máa gun òkúta, tó máa kéde ara rẹ̀.

Nígbà tó délé, Telésíà jókòó sábẹ́ igi ọ̀pọ̀tọ́, ó ń mu omi oyin. Bàtà tuntun wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, èyí tó rọ̀ bí etí àgùntàn, irú èyí tí àwọn ọlọ́lá Síkíónì ń wọ̀.

"Ta ló ni bàtà?"

"Èmi ni, Ìyá. Bàbá Lísílà ló fún mi." Lísílà ni ọmọbìnrin tó fẹ́ fi ṣaya.

"Bàtà nìkan ló fún ẹ?"

Ó gbé ife rẹ̀ kalẹ̀. "Ẹ ti gbọ́."

"Létí odò ni mo ti gbọ́. Lẹ́nu Mírítò! Obìnrin tí kì í mọ̀ tí ọbẹ̀ rẹ̀ bá ń jóná."

"Mo fẹ́ sọ fún yín."

"Ìgbà wo? Tí Lísílà bá bímọ tán?"

"Ẹni tí kò nílùú kò lè díje, Ìyá. Òfin ni. Akọ̀wé bi mí pé ará ibo ni mí, mo ní Kọ́ríńtì. Ó wò mí lójú, ó ní, 'Ṣé kí n kọ ọ́ pé ará eérú?' Gbogbo àwọn tó wà lórí ìlà rẹ́rìn-ín. Bàbá Lísílà ló gbà mí. Ó ní kí wọ́n kọ mí mọ́ ìdílé òun, pé bóyá mo borí tàbí n ò borí, ó kéré tán, ọkọ ọmọ òun á nílùú."

Nikásò ò jókòó. Bó ti wọlé ló tún jáde, aṣọ tútù ṣì wà léjìká rẹ̀.

Tímókílè, bàbá Lísílà, ni alábòójútó ìdíje lọ́dún náà. Lábẹ́ ìloro gígùn ẹ̀gbẹ́ ọjà ló ti bá a, ó ń wo àwọn tó ń kun pátákó orúkọ. Ọkùnrin sísanra ni, ó máa ń làágùn, kì í sì í ṣe èèyàn burúkú.

"Ìyá ìyàwó... ó tì o, ìyá ọkọ ìyàwó! Mi ò tíì mọ èwo ni kí n pè yín. Ẹ jókòó."

"Ẹ nu orúkọ ìlú yẹn kúrò níwájú orúkọ ọmọ mi."

"Kí n wá kọ kí ni?"

"Ẹ mọ ohun tí ẹ máa kọ."

Tímókílè fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó. "Ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ bí àgbà. Kọ́ríńtì dà? Ẹ fi hàn mí kí n rí i. Ta ni olórí ibẹ̀? Ẹnubodè wo ni wọ́n ń gbà wọ̀ ọ́? Àlejò kan ń bọ̀ láti Róòmù, ọ̀gá ni, iwájú ló máa jókòó sí. Tí a bá pe orúkọ yẹn létí rẹ̀, á bi wá pé ta ló rán wa. Ẹ̀yin tí wọ́n ti sun ìlú yín rí, ẹ fẹ́ kí wọ́n sun tiwa náà?"

"Orúkọ lásán ni."

"Tó bá jẹ́ lásán, kí ló dé tí ẹ fi gbé aṣọ tútù rìn wá síbí?"

Ìbéèrè náà tọ́, ó sì bí Nikásò nínú pé ó tọ́.

"Ẹ gbọ́," Tímókílè wí jẹ́jẹ́. "Mo fẹ́ràn ọmọ yín. Ọmọbìnrin mi ò jẹun dáadáa láti ìgbà tó ti mọ̀ ọ́n, òfò ni fún mi tí n ò bá gbà. Ṣùgbọ́n òfin ò mọ àna. Akéde tó bá pe ìlú tí kò sí lára pátákó, ó purọ́ fún òrìṣà nìyẹn. Àwọn onípàṣán á nà án, adé á bọ́, wọ́n á yọ orúkọ rẹ̀ kúrò níbi gbogbo. Èmi ni mo máa pàṣẹ ẹ. Ẹ má fi mí síbẹ̀."

Nígbà tí Nikásò délé, òun àti ọmọ rẹ̀ jà. Nikásò kò mọ ọ̀rọ̀ dídùn-ún sọ, ohun tó bá wà nínú rẹ̀ ló ń jáde. Ó pe ọmọ náà ní ẹni tí wọ́n fi bàtà rà. Telésíà dìde.

"Kí ni ẹ mọ̀ nípa Kọ́ríńtì, Ìyá? Ọmọ ọdún mẹ́fà! Ẹ sọ fún mi. Mo ti ń ké orúkọ rẹ̀ látìgbà tí eyín mi ṣì ń yọ, mi ò tíì mọ ohun kan nípa rẹ̀ àfi òkúta."

Nikásò ronú. "Àtẹ̀gùn kan wà tó lọ sísàlẹ̀ síbi omi. Omi náà máa ń tutù lẹ́sẹ̀. Ajá kan wà nílé wa, etí rẹ̀ kan gé. Àti òórùn ibi tí wọ́n ti ń sun ìkòkò."

"Àti kí ni?"

"Ó tán."

Telésíà wò ó. Ìbínú kúrò lójú rẹ̀, ohun tó sì rọ́pò rẹ̀ burú ju ìbínú lọ fún Nikásò, nítorí àánú ni.

"Ìlú tí ẹ mọ̀ nìyí, Ìyá," ó wí. "Ibí lẹ ti gbé mi dàgbà. Mo fẹ́ fẹ́yàwó níbi tí wọn ò ti ní máa bi ọmọ mi pé ará ibo ni."

Ọjọ́ méjì ni wọn ò fi bára wọn sọ̀rọ̀, àfi "oúnjẹ rè é" àti "ẹ ṣé."

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ ọdún, wọ́n kọ́kọ́ ṣọ̀fọ̀ gẹ́gẹ́ bí àṣà. Orí ikú ọmọdé kan ni ọdún náà dúró lé. Palémónì lorúkọ ọmọ náà, ìyá rẹ̀ ló gbé e mọ́ra tó sì bẹ́ sínú òkun. Wọ́n pa akọ màlúù dúdú, àwọn obìnrin tú irun orí wọn, wọ́n ń sunkún ọmọ náà. Láti kékeré ni Nikásò ti ń sun ẹkún yìí. Ẹnu lásán ló fi ń sun ún tẹ́lẹ̀. Lọ́jọ́ yìí, ibi tí wọ́n ti ń kọ ọ́ lórin pé ọmọ dì mọ́ ìyá rẹ̀ lọ́rùn, ẹnu rẹ̀ pa dé. Ó ń ronú ohun kan tí kò sẹ́ni tó ń fi kọrin. Ọmọ náà kò bẹ́. Ìyá ló bẹ́. Wọ́n ní orí ìyá ti dà rú, wọ́n ní ẹnì kan ló ń lé e, gbogbo rẹ̀ lè jẹ́ òótọ́. Ọmọ náà ṣì kú.

Ó kúrò láàárín àwọn obìnrin náà kí wọ́n tó parí. Ó bá Telésíà lẹ́yìn ibi ìwòran, níbi tí àwọn akéde ti ń tún aṣọ funfun wọn wé.

"Pe Síkíónì," ó wí.

"Ìyá?"

"Mo ní kí o pe Síkíónì. Ibi tí o ń gbé ni. Lísílà fẹ́ràn ẹ. Bàtà yẹn náà dára."

Telésíà rẹ́rìn-ín, omi sì wá sí i lójú. Ó dì mọ́ ìyá rẹ̀ pẹ̀lú gbogbo aṣọ funfun yẹn, ó sì rọra pe é sí i létí, nítorí pé kò fẹ́ fi ohùn rẹ̀ ṣòfò: "Telésíà, ọmọ Dámónì, ará Síkíónì. Ṣé ó dáa bẹ́ẹ̀?"

"Ó dáa."

Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tó pe é nìyẹn. Lẹ́yìn náà, Nikásò máa ń ronú pé ó yẹ kí òun ti mú un lọ sí pápá, kí òun ti dúró lọ́ọ̀ọ́kán, kí òun sì ti jẹ́ kó ké e nígbà ọgọ́rùn-ún. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó rò pé ìfẹ́ inú ni ẹnu ń tẹ̀ lé.

Akéde mẹ́fà ló díje. Ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n fún gbogbo wọn ké, èyí tó ń ní kí àwọn èèyàn dákẹ́, kí wọ́n sì gbàdúrà. Èkíní ń ké bí ewúrẹ́, àwọn èèyàn sì bá a ké. Ẹnì kan láti Mẹ́gárà dára, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ kò kọjá ìjókòó àárín. Telésíà ló ṣe ìkarùn-ún. Nígbà tó lanu, ọmọ ọwọ́ kan tó ti ń sunkún látàárọ̀ dákẹ́. Ohùn náà lọ dé ìjókòó tó ga jù, ó kọjá ibẹ̀, àwọn tó ń ta ọ̀pọ̀tọ́ níta ẹnubodè sì yíjú.

"Ọmọ wa nìyẹn!" ni Mírítò ń pariwo, ó ń gbá Nikásò lẹ́yìn. "Ẹ ò ríyẹn? Aládùúgbò mi! Mo ti rán an níṣẹ́ rí!"

Àwọn onídàájọ́ ò pẹ́ rárá. Tímókílè dìde, ó mú adé dání. Ewé gbígbẹ ni, èyí tí wọ́n ń tẹ́ sórí ibojì Palémónì. Ó fi dé Telésíà lórí, ojú rẹ̀ sì ń dán bíi pé òun ni wọ́n dé ládé. Lísílà wà láàárín àwọn obìnrin ilé rẹ̀, ó ti fi ìborùn bo ẹnu. Àlejò tó wá láti Róòmù ń jẹ ọ̀pọ̀tọ́ níwájú. Afunfèrè fun fèrè.

Telésíà gun orí òkúta.

Nikásò rí i tó gba èémí. Ó mọ èémí yẹn. Òun ló kọ́ ọ bó ṣe máa gbà á, èyí tó máa ń lọ sísàlẹ̀ ikùn, tí á sì tọ́jú fún ọ̀rọ̀ kẹta.

"Telésíà!"

Ó dún dáadáa.

"Ọmọ Dámónì!"

Nikásò rí èjìká ọmọ rẹ̀ tó gbéra díẹ̀, bó ṣe máa ń gbéra láàárín àwọn òpó tó wó yẹn. Ó ti mọ̀ kó tó ṣẹlẹ̀. Ó dìde, ó káwọ́ méjèèjì, àmì tó máa ń fi sọ fún un pé kó dáwọ́ dúró, kó tún un ké. Ọmọ náà kò wo ọ̀dọ̀ rẹ̀.

"Ará Kọ́ríńtì!"

Gbogbo agbára ọdún mẹ́rìnlá ló wà nínú rẹ̀. Ó lu ara òkè, òkè sì dá a padà fún wọn, kedere.

Ohun tí Nikásò ti ń retí láti ọdún mọ́kàndínlógójì nìyẹn, òun sì wà níbẹ̀, etí rẹ̀ sì gbọ́ ọ. Kò rí ayọ̀ kankan níbẹ̀. Ojú ọmọ rẹ̀ ló ń wò. Telésíà dúró lórí òkúta, ó fọwọ́ kan ẹnu ara rẹ̀ bí ẹni tó ń wá nǹkan tó já bọ́.

Àlejò yẹn yíjú sí ògbufọ̀ rẹ̀, ó béèrè ohun tí akéde wí. Ògbufọ̀ sọ fún un. Ọkùnrin náà gbọn èjìká, ó mú ọ̀pọ̀tọ́ mìíràn. Bó ṣe ká a lára mọ nìyẹn.

Ṣùgbọ́n pátákó wà níbẹ̀, gbogbo èèyàn sì mọ ohun tó wà lára rẹ̀. Ẹnì kan kígbe lókè pé, "Irọ́!" Òmíràn kígbe pé, "Òkú kì í gba adé!" Ariwo ta. Tímókílè ò wo Nikásò, kò wo Lísílà ọmọ rẹ̀. Ó kọ́kọ́ yọ adé yẹn fúnra rẹ̀, ewé sì ń já sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ṣẹ́jú sí àwọn onípàṣán.

Ogún ni wọ́n nà án. Nikásò kà á, nítorí pé kò mọ ohun míì tó lè ṣe. Ará Mẹ́gárà ni wọ́n dé ládé, ó sì pe ìlú rẹ̀ lọ́nà tó tọ́.

Ní ẹnubodè, níbi tó ti ń dúró de ọmọ rẹ̀, ìyá arúgbó kan dúró síwájú rẹ̀. Ìrọ̀rí àlejò Róòmù yẹn ló gbé dání, ó hàn pé ẹrú rẹ̀ ni.

"Ṣé ẹ̀yin ni ìyá rẹ̀?"

"Èmi ni."

"Àdúgbò wo ní Kọ́ríńtì lẹ ti wá?"

Nikásò la ẹnu. "Ẹ̀gbẹ́ ibi àtẹ̀gùn omi."

"Èwo nínú wọn? Àtẹ̀gùn omi pọ̀ níbẹ̀."

"Mi ò mọ̀. Ọmọdé ni mí nígbà náà."

Arúgbó náà mi orí, kò béèrè mọ́. Ẹnì kan pè é láti inú ọgbà pẹ̀lú orúkọ kan tó jọ ti Róòmù, ó sì dáhùn, ó lọ.

Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, wọ́n ti fi òdà funfun nu orúkọ Telésíà kúrò lára pátákó, wọ́n sì ti yọ ọ́ kúrò nínú ìdílé Tímókílè. Wọ́n mú Lísílà lọ sí oko bàbá rẹ̀. Wọn ò gba bàtà padà. Ó wà lẹ́nu ọ̀nà, kò sẹ́ni tó wọ̀ ọ́, kò sì sẹ́ni tó gbé e sọ nù.

Ṣùgbọ́n ní ọ̀sán ọjọ́ ọdún yẹn gan-an, Nikásò mú ọmọ rẹ̀ dojú bolẹ̀ sórí àpótí lábẹ́ igi ọ̀pọ̀tọ́, ó ń fi omi iyọ̀ nu ẹ̀yìn rẹ̀. Telésíà ò ké. Ohùn rẹ̀ ti há.

"Síkíónì ni mo fẹ́ pè, Ìyá."

"Mo mọ̀."

"Ó wà lẹ́nu mi. Mo gba èémí, ó wà lẹ́nu mi."

"Mo mọ̀. Èmi ni mo fi orúkọ kejì síbẹ̀."

Ó tún aṣọ rẹ̀ rẹ sínú omi, ó fún un díẹ̀díẹ̀, kó má baà fún un gbẹ jù. Ó rò pé Telésíà ti sùn.

"Ṣé ẹ gbọ́ ọ dáadáa níbi tí ẹ dúró sí?" ó béèrè.

Nikásò fẹ́ purọ́. Kò mọ irọ́ tó máa ràn án lọ́wọ́.

"Mo gbọ́ ọ," ó wí. Ó sì gbé aṣọ náà lé e lẹ́yìn.